Òpó Mẹ́fà Tí Baba Fi Ń Ríran

Títí dòní olónìí, bí mo bá rí òpó kọnkéré tí a kùn ní ọ̀dà funfun, inú mi á kọ́kọ́ ru ná, kí n tó rántí pé òpó kò ṣẹ̀ mí. Ìyàwó mi ti fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi sú u. Ó ní ojú tí ẹlòmíràn fi ń wo ejò ni mo fi ń wo ilé oníbúlọ́ọ̀kù tó wà níwájú agboolé wa ní Ìṣẹ́yìn. Ó kúkú mọ ohun tó ń bí mi nínú. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló ń bà á lẹ́rù, ó fẹ́ kí n máa rọra.

N ò lè rọra. Gbọ̀ngán ìgbàlódé ni wọ́n pe ilé yẹn. Wọ́n ní àwa ahunṣọ òfì ni wọ́n kọ́ ọ fún, kí a má baà máa jókòó sábẹ́ àtíbàbà mọ́. Ẹ wá wò ó lónìí. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ sì kún fún àga rọ́bà àti pósítà ìbò tí ẹnì kan kó pamọ́ síbẹ̀. Kò sí ahunṣọ kan ṣoṣo níbẹ̀. Kí n tó sọ bí ó ṣe dà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n wó kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Bàbá mi ló kọ́ àtíbàbà náà nígbà tí mo ṣì kéré. Ahunṣọ ni Baba, ahunṣọ ni bàbá tó bí wọn. Òpó igi mẹ́fà ni Baba rì mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ iwájú, wọ́n ri àwọn kéékèèké sẹ́yìn, wọ́n fi koríko bẹẹrẹ bo orí rẹ̀, ó nípọn débi pé òjò lè rọ̀ láti ìrun àyílà títí di àṣárì kí ẹ̀kán kan má kán sórí òwú. Àwa méje la máa ń jókòó síbẹ̀ ní ìlà kan, kálukú pẹ̀lú òfì tirẹ̀.

Iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó sì ní ìdí. Ẹni tí kò bá rí òfì rí, kí ó mọ̀ pé òwú tí a fẹ́ hun kì í ká jọ sọ́dọ̀ ahunṣọ. Ńṣe ló máa ń nà gbọọrọ níwájú rẹ̀, á jáde kúrò lábẹ́ àtíbàbà, á lọ jìnnà sínú àgbàlá, a ó wá so ìdí rẹ̀ mọ́ igi pẹlẹbẹ kan tí a gbé òkúta lé. Bí a bá ṣe ń hun ún ni òkúta ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀, ẹ ó rí òkúta méje lọ́ọ̀ọ́kán. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn á ti sún mọ́lé.

Òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo bi Baba nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò gé oríṣi kan náà. Wọ́n ní ohun tí apá àwọn ká nígbà náà ni àwọn gbé wálé. Èkíní jẹ́ igi ayin, ó le bí irin, ó máa ń tutù bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án láàárọ̀. Èkejì jẹ́ emi, igi tí a ń rí òrí lára èso rẹ̀, ó ní kókó mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, irúgbá, ó tẹ̀ bí ẹni tí ìbàdí ń dùn. Ẹ̀kẹrin, igi apá, ó tóbi ju gbogbo wọn lọ, ó ní ojú sísán kan tí ìka ń wọ̀. Ẹ̀karùn-ún, tíìkì tí wọ́n fi ayùn là sí igun mẹ́rin. Ẹ̀kẹfà, ayin kékeré. Ìdí rẹ̀ ni Baba máa ń jókòó sí, wọ́n sì ti fi ọ̀bẹ yà á ní ilà ilà, ilà tí wọ́n fi ń wọn aṣọ.

Nígbà tí ojú Baba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí dókítà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́, òpó mẹ́fà yìí ló di ojú wọn. Wọ́n á fi ọ̀pá tọ ògiri ilé wá títí wọ́n á fi kan ayin. Wọ́n á fọwọ́ pa á. Wọ́n á kọjá sí emi, wọ́n á ka kókó rẹ̀, wọ́n á dé ìdí irúgbá, wọ́n á kí ẹni tó wà níbẹ̀ kí ó tó la ẹnu, nítorí wọ́n mọ ẹni tó ń jókòó sí ìdí òpó kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe dé ìjókòó wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fà wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á já ọwọ́ gbà. “Fi mí sílẹ̀. Ṣé mo sọ fún ọ pé mo sọnù ni?”

Wọn ò lè hun mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ló ń ká òwú fún gbogbo wa, àwọn ló sì ń fọwọ́ yẹ aṣọ wò. Bí òwú kan bá já tí o sì fò ó, ìka Baba á dúró sójú ibẹ̀ gan-an. “Tú u.” Ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá ń jiyàn, á pàpà tú u nígbẹ̀yìn.

N ò mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ìwé ń pè é, àmọ́ ara máa ń tù wá lábẹ́ igi yẹn. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀dọ̀ wa kì í ṣeré, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gba iwájú wọlé, ó ń gba ẹ̀yìn jáde, igi kì í sì í gba ooru pamọ́ dè ọ́ bíi sìmẹ́ǹtì. Ìyá kan wà ládùúgbò tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú. Ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sọ́dọ̀ wa. Kò hunṣọ, kò bá wa sọ̀rọ̀, á kàn fẹ̀yìn ti òpó apá, á máa wo bí òkúta ṣe ń wọ́ bọ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tó tún pẹ́, ó ń bá wa rẹ́rìn-ín. Àwa kò fún un ní oògùn kankan.

Aṣọ ẹtù ni Baba fẹ́ràn jù, aláró dúdú tó ní ilà funfun tín-ín-rín. Wọ́n máa ń sọ pé ara ẹyẹ ẹtù ni ẹni tó kọ́kọ́ hun ún ti wò ó. “Ìta ni ẹni yẹn jókòó sí tí ẹtù fi gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ká ní inú yàrá ló wà, kí ni ì bá hun?” Ọ̀kan nínú wa á dáhùn pé, “Ògiri ni, Baba!” A ó bú sẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ la sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Arìndìn ni mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ̀ mẹ́ta dúró níwájú wa. Ọnọrébù kan ló rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Àwọn àlejò náà wọ bàtà tó ń dán, wọ́n ń fi àlòkù ìwé fẹ́ ara wọn. Wọ́n ní Ọnọrébù fẹ́ ṣe nǹkan fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kí la fẹ́? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wo ojú ara wọn. Ọ̀kan ní kí wọ́n fún wa ní òwú. Òmíràn ní kí wọ́n tún títì ṣe.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ni mo dìde. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé. Mo rí aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi hun nínú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì kan, mo fẹ́ wọlé lọ wò ó, ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà wo eruku ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n dúró síta. Ìtìjú yẹn ṣì ń jó mi lára. Ni mo bá pariwo, “Ẹ wò wá bí a ṣe ń jókòó sábẹ́ igi bí ewúrẹ́! Ẹ wó o! Ẹ wó gbogbo ẹ̀ dànù, kí ẹ kọ́ ilé gidi fún wa, ilé oníbúlọ́ọ̀kù, kí àwa náà jọ èèyàn!”

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà pàtẹ́wọ́. Orí mi wú. Baba wà ní ìdí òpó wọn, wọ́n ń ká òwú lọ, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ariwo àtẹ́wọ́ àti ti ọkọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ni àwọn agbaṣẹ́ṣe dé, kí ilẹ̀ tó ṣú àtíbàbà ti wó. Ìyá Eléédú, obìnrin tó ń sun èédú tà lẹ́yìn ìlú, ló wá kó àwọn igi náà. Èmi ni mo bá a rù wọ́n sínú ọkọ̀. Mo gbé ohun tí bàbá mi fi ń ríran lé èjìká, mo sì ń súfèé!

Oògùn ibà ló mú Baba sùn lọ́jọ́ náà; nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n jáde. Ọ̀pá wọn tọ ògiri wá, ó dé ibi tó yẹ kí ayin wà, ó kan òfìfo. Wọ́n na ọwọ́.

“Ta ló ní kí wọ́n wó o?”

Mo ní, “Àwọn agbaṣẹ́ṣe ni, Baba. Wọn ò tiẹ̀ bi wá.”

Irọ́ náà jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́. Baba ní, “Ó dáa,” wọ́n sì yí padà sínú ilé.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ohun tí mo ń wí fún ara mi nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wo bí ògiri ṣe ń ga. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, a jẹ ìrẹsì inú páálí, a ya fọ́tò, èmi náà ni mo dìde tí mo dúpẹ́ lórúkọ gbogbo wa. Ẹ ò rí i pé ẹnu yìí kò tíì yó.

Ọjọ́ kejì la gbé òfì wọlé. Kí a tó jókòó tán ni ojú wa là. Ògiri wà níwájú wa! Èèyàn ò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́jọ tó fi kàn án. Níbo ni òwú fẹ́ nà sí? A wo ara wa. A wo ògiri. Ẹ gbà mí o! Mo fi fóònù pe ọ̀gá agbaṣẹ́ṣe. Ó dé, ó wo òwú, ó wo ògiri, ó wò mí, ó ní, “Ṣé ẹ ò kàn lè ká a ni?”

Ká a! Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń hun òfì rí?” Ó ní àwòrán tí wọ́n fún òun lòun tẹ̀ lé, ilé àwọn télọ̀ ni wọ́n yà sórí ìwé, òun ò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Mo bú u títí ó fi wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi tí mo ti ń hunṣọ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, ojú mi ni ògiri yẹn ṣe ga, kò sì wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan láti béèrè ibi tí òwú máa gbà. Ọ̀dà funfun ló gbà mí lọ́kàn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà na òwú síta. Òwú mẹ́ta péré ló gbà. Àwọn mẹ́rin yòókù á máa wòran, a ó máa du ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ bí ẹni ń du omi. Fèrèsé onígíláàsì ibẹ̀, ìlàjì rẹ̀ ló ń ṣí. Fáànù wà lókè, iná kò sí. Tó bá di ọ̀sán, ooru á jáde lára ògiri, á jáde nílẹ̀, orí á máa fọ́ wa. Àwa tí a ti ń jókòó pọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa jà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ó bá tirẹ̀ lọ.

Baba kò fẹ́ wá rárá, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, èmi ni mo ń fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé, mo sì ń rí i lójú wọn pé ó ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn ìrun àyílà ọjọ́ kan, wọ́n dá wá fúnra wọn. Àwọn oníbàárà wá láti Ìlọrin lọ́jọ́ náà, inú ilé kún. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń bá ẹnì kejì mi jà pé òwú rẹ̀ ti wọ́ lu tèmi.

Òpó kọnkéré mẹ́jọ ló wà nínú gbọ̀ngán náà. Ìwọ̀n kan, ọ̀dà kan, gbogbo rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní Baba fọwọ́ pa ọ̀kan, wọ́n kọjá sí èkejì, wọ́n pa á, wọ́n padà sí ti àkọ́kọ́. Wọ́n gbọ́ ohùn wa, ṣùgbọ́n ohùn ń gbá ògiri padà ni, wọn ò mọ ibi tí ẹnikẹ́ni jókòó sí. Ó ní òun rò pé wọ́n kàn ń yẹ ilé wò ni, òun ò fẹ́ fà wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n má baà bú òun. Wọ́n yí sọ́tùn-ún, wọ́n yí sósì. Ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n ń wá ọ̀nà síta.

Mo gbọ́ tí wọ́n pè mí. Ohùn kékeré kan báyìí, n ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu bàbá mi rí.

“Wá o. Mo sọnù.”

Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ìtọ̀ ti wà lára ṣòkòtò wọn, ó ti wà lórí táìsì funfun. Àwọn ará Ìlọrin ń wo ibòmíràn. Bàbá mi, tí àwọn ọba ti wọ aṣọ tí wọ́n hun, dì mọ́ òpó kọnkéré bí ọmọ tó ṣìnà lọ́jà.

Láti ọjọ́ náà, Baba kò jáde mọ́. Wọ́n jókòó sínú yàrá, wọ́n kọjú sí ògiri. Oúnjẹ tí ìyàwó mi bá gbé lọ, òkèlè mẹ́ta ni wọ́n máa jẹ, wọ́n á ní ó tó. A gbé wọn lọ ọsibítù, dókítà ní kò sí àìsàn kan lára wọn. Inú bí mi sí dókítà. Inú bí mi sí Ọnọrébù, sí agbaṣẹ́ṣe, sí ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn. Mo bú ewúrẹ́, mo bú fáànù. Ẹni tí n ò bú ni ẹni tó jẹ̀bi. Mo ń wo bí aṣọ ṣe ń tóbi sí Baba lára, mo sì mọ̀ pé bí wọn ò bá rí ibi kan tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé, a máa sin wọ́n kí ọdún náà tó parí.

Mo kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jọ, mo ní mo fẹ́ kọ́ àtíbàbà mìíràn sí àgbàlá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi dóńgóyárò tó wà níbẹ̀, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gan-an, òpó mẹ́fà, igi kan náà, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Kò sí ẹni tó jiyàn. Ooru ti fọ́ gbogbo wa lórí.

Ibi tí a ti máa rí igi wá ni wàhálà. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Ìpàpó. Ibi tí èmi àti Baba ń gbà kọjá nígbà kan tí a kì í rí oòrùn, kùkùté ló kù síbẹ̀. Àpò èédú tò sí ẹ̀bá títì lọ bẹẹrẹbẹ. Mo ń bú wọn láti orí ọ̀kadà títí ẹni tó gbé mi fi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ̀ ń bú?” Bàbá àgbẹ̀ kan ní Ìpàpó fún mi ní emi kan tí ìjì wó, ó ní òun ì bá má gé e, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti gé e fún òun. Mo rí ayin ńlá ní Àgọ́-Àrẹ. Mo rí irúgbá tó tẹ̀. Tíìkì kò ṣòro, ó wà nílé pákó. Apá ni n ò rí. Gbogbo ẹni tí mo bi, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín mi. Apá kẹ̀? Lóde òní?

Mo wá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Eléédú. Kí n má purọ́, ìjà ni mo bá lọ. Láti ojú títì ni mo ti ń pariwo pé ẹ wo àwọn tó sun ojú bàbá mi di èédú. Obìnrin náà fi ọwọ́ mejèèjì sí ìbàdí, ó jẹ́ kí n pariwo tán. Ó ní, “Ìwọ kọ́ lo bá mi rù ú sọ́kọ̀? Tí ò ń súfèé?”

Mo wolẹ̀. Ibi tí mo wolẹ̀ sí, orí gọ́tà tó wà níwájú ilé rẹ̀ ni, igi kan ni wọ́n fi dábùú rẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kọjá. Igi náà ní ilà ilà. Ayin kékeré! Ìyá Eléédú ní àáké kọ̀ ọ́, iná kọ̀ ọ́, ni òun ṣe sọ ọ́ di afárá. Ó ní kí n máa gbé e lọ, kí n sáà wá pákó mìíràn rọ́pò rẹ̀ kí òun má baà já sí gọ́tà.

Mo fọ igi náà, mo gbé e wọ yàrá Baba, mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọn ò mira. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Ìka wọn rí ilà àkọ́kọ́, ó rí èkejì.

“Níbo lo ti rí i?”

“Lórí gọ́tà, Baba.”

“Àwọn yòókù ńkọ́?”

“Wọ́n ti di èédú.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n fọwọ́ pa igi náà títí dé ìdí, wọ́n ní, “Sọ fún ìyàwó rẹ kó fún mi lẹ́kọ.” Ìyàwó mi ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sáré.

Ní gbogbo ìgbà tí a ń kọ́ ọ, Baba ń pàṣẹ láti ojú fèrèsé. A fi iná jó ìdí àwọn igi, a fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ti lò pa á nítorí ikán. Bí Baba bá gbọ́ tí a ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n á ní, “Ó ti sún mọ́ ara wọn jù! Ṣé ẹsẹ̀ adìyẹ ni mo ní?” Ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta Baba la fi sí àárín òpó kan àti èkejì. Ní ipò ẹ̀kẹrin, ibi tó yẹ kí apá wà, mo ri dóńgóyárò mọ́lẹ̀. N ò sọ fún wọn. Ojú ń tì mí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a parí ni Baba jáde. Gbogbo wa dìde, a ò sún mọ́ wọn. Ọ̀pá tọ ògiri wá. Wọ́n kan ayin, wọ́n fọwọ́ pa á. Wọ́n kọjá sí emi. Wọ́n dé irúgbá, wọ́n ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ ó kú àárọ̀, ẹni náà dáhùn, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n dé ẹ̀kẹrin, wọ́n dúró. Wọ́n fi ọwọ́ yí i ká. Wọ́n fi èékánná ha á, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀.

Baba ní, “Àjèjì lèyí.” Wọ́n tún fọwọ́ gbá a. “Kò burú. Bí mo bá ti kan àjèjì, mo mọ̀ pé ó ku méjì.”

Wọ́n kọjá sí tíìkì. Wọ́n dé ìdí ayin kékeré, wọ́n wá ilà rẹ̀, wọ́n jókòó. Àwọn yòókù ti padà sídìí òfì wọn, òkúta ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti to òwú fún wọn.

“Ta ló ní kí wọ́n wó ti àkọ́kọ́?”

Agbaṣẹ́ṣe ti wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ojú wọn tí kò rí mi.

“Èmi ni, Baba.”

“Mo mọ̀. Ìdí òpó yìí ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí ò ń pariwo. Ojú ló fọ́ mi, etí mi kò di.”

“Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí láti ọjọ́ yìí, Baba?”

“Ìwọ ni mo ń dúró dè.” Wọ́n na ọwọ́ sí mi. “Gbé òwú wá.”

Mo gbé e fún wọn. Wọ́n ti ń ká a lọ kí n tó mọ ibi tí mo máa fojú sí.